Fáàfù Tó Dákẹ́ Lọ́nà Ìtagúnmodì

Ẹ pa ẹ́ńjìnnì yẹn ná, ẹ̀yin ọmọ mi, kí ohùn mi lè dé etí yín. Ọ̀fun àgbà kò lágbára àtibá mọ́tò du ọ̀rọ̀ sọ mọ́.

Láti àárọ̀ ni mo ti jókòó sórí bẹ́ǹṣì yìí tí mò ń wò yín. Mọ́tò á dé, ẹ ó ki okùn kan bọ abẹ́ sítíárìn rẹ̀, ẹ ó wo ojú fóònù, fóònù á sì sọ ibi tó ń dùn ún fún yín. Ó wù mí, mi ò purọ́. Ayé kì í tọ́ lọ bí ọ̀pá ìbọn, mi ò sì sí lára àwọn àgbà tí ń bá ohun tuntun ṣọ̀tá. Ohun kan ló kàn ṣe mí bákan: láti àárọ̀, kò sí ẹnì kan nínú yín tó tẹ́tí sí mọ́tò.

Nígbà tiwa, etí la fi ń ríran. Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́, Ọ̀gá Làmídì, Òkè-Baálẹ̀ níbí ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà. Bí mọ́tò bá ń bọ̀ láti apá Ọjà Ọba, kó tó yọ sí wa ni ọ̀gá mi á ti gbórí sókè. Á ní, "Mọ́tò tí wọ́n kọ Kádàrá sí lára yẹn nìyẹn, fáàfù rẹ̀ ti tún ń sọ̀rọ̀." Bí mọ́tò náà bá dé, a ó rí i pé òótọ́ ni. Ó ní sukudiráfà gígùn kan tí orí rẹ̀ jẹ́ igi. Á fi ẹnu irin rẹ̀ ti ara ẹ́ńjìnnì, á fi ìdí igi náà ti egungun etí rẹ̀, á di ojú. Gbogbo wa á dákẹ́. Bí ẹni tó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ àṣírí ni á ṣe rí. Nígbà tó bá la ojú, á kàn na ìka sí ibì kan, á ní, "Ibí ni." Ibẹ̀ náà sì ni.

Iṣẹ́ náà wà lára rẹ̀ débi pé kò mọ ọjọ́ ọdún yàtọ̀. Ní ọjọ́ Iléyá kan, a ń bọ̀ láti Yídì, ó wọ agbádá tuntun tí ìyàwó rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ rán fún un. Ọkọ̀ akérò kan dúró lẹ́bàá ọ̀nà, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń ṣiṣẹ́, ohùn rẹ̀ kò dára. Ọ̀gá mi ò lè kọjá. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti gbọ́ ọ, fáànù ẹ́ńjìnnì sì gba apá agbádá náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó lọ̀ ọ́ mọ́ra. Ọpẹ́lọpẹ́ Ọlọ́run pé kò kan ẹran ara. Nígbà tó délé pẹ̀lú agbádá alápá kan, ìyàwó rẹ̀ wò ó títí, ó wá ní, "Ṣé ẹran tí a fẹ́ pín kò tó ni, Bàbá, tí ẹ fi ti ojú ọ̀nà bẹ̀rẹ̀ sí í pín aṣọ?" A rẹ́rìn-ín títí a fi jẹun tán. Ọ̀gá mi náà rín in, ṣùgbọ́n kí oúnjẹ tó dà nínú rẹ̀, ó ti tún jáde lọ wo ọkọ̀ náà.

Mo rí i pé àwọn kan nínú yín kì í ṣe mẹkáníìkì, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n là á yé yín. Ilẹ̀kùn ni fáàfù. Inú ẹ́ńjìnnì ní ilẹ̀kùn tí epo àti afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé, ó ní èyí tí èéfín ń gbà jáde. Ilẹ̀kùn yìí gbọ́dọ̀ ṣí lásìkò, kó sì tì pa lásìkò. Tápẹ́ẹ̀tì ni ọwọ́ tó ń ṣí i. Àlàfo tín-ín-rín kan gbọ́dọ̀ wà láàárín ọwọ́ náà àti ilẹ̀kùn. Bí àlàfo náà bá fẹ̀ jù, ọwọ́ á máa gbá ilẹ̀kùn, ẹ ó máa gbọ́ tákí-tákí-tákí. Bí kò bá sí àlàfo rárá, ilẹ̀kùn ò ní lè tì pa mọ́, iná inú ẹ́ńjìnnì á máa jó o létí, ẹ kò sì ní gbọ́ nǹkan kan. Ìdí nìyẹn tí ọ̀gá mi fi máa ń sọ pé, èyí tó ń pariwo, ẹ̀bẹ̀ ló ń bẹ̀. Èyí tó dákẹ́ ló ń kú lọ.

Ọ̀rọ̀ yìí ló rán mi létí Mama Nọ́ọ̀sì. Obìnrin Iléṣà ni, Ìjẹ̀ṣà pọ́ńbélé, agbẹ̀bí tí ìjọba kọ́. Ó ní ọ̀kan nínú àwọn mọ́tò kékeré ẹlẹ́yìn roboto tí gbogbo wa ń pè ní ìjàpá, tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà nídìí. Òun fúnra rẹ̀ ló ń wà á, nígbà tí obìnrin tó ń wa mọ́tò kò tíì pọ̀ nílẹ̀ wa. Kò sí abúlé tí mọ́tò náà kì í wọ̀ ní gbogbo ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà. Ibi tí ọ̀nà bá parí sí, á gbé e síbẹ̀, á gbé báàgì rẹ̀ kọ́ apá, á fẹsẹ̀ rin èyí tó kù. Mo ti rí ọ̀pọ̀ ènìyàn láyé mi, mi ò tíì rí ẹni tó jọ ọ́.

Ó wọ ṣọ́ọ̀bù wa ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, ó wá gba oògùn ní Òṣogbo. Mo ti gba fírídọ̀mù nígbà náà, èmi àti ọ̀gá mi la jọ ń ṣiṣẹ́.

"Ẹ kú uṣẹ́ o," ó kí wa. Báyìí ni àwọn Ìjẹ̀ṣà ṣe ń pe iṣẹ́. "Ọ̀gá, mọ́tò mi ń dún tákí-tákí tẹ́lẹ̀. Mo ní kí ẹnì kan bá mi pa ariwo náà. Ó pa á lóòótọ́. Ṣùgbọ́n láti ìgbà náà ni kò ti lè gun òkè mọ́. Bó bá ti rí òkè, á máa gbọ̀n, á máa mí bí ẹni tí ikọ́ fée ń dà láàmú. Ọwọ́ ọ̀tún ẹ̀yìn ni mi ò fọkàn sí. Ọwọ́ òsì ni mo rò pé ó ti ń wá."

Ọ̀gá mi wò ó tìyanu-tìyanu. Oníbàárà tó lè sọ apá ibi tí àìsàn mọ́tò ti ń wá ṣọ̀wọ́n. Ó gbé sukudiráfà rẹ̀, ó tẹ́tí, ó wá dìde.

"Ó dákẹ́ jù," ó ní. "Mama, òótọ́ lẹ sọ, apá òsì ni. Ẹni tó bá yín ṣe é kò tún un ṣe, ṣe ló fún un lọ́rùn. Ẹ jẹ́ kó sùn sọ́dọ̀ wa. Bó bá tutù láàárọ̀ ọ̀la, a ó ṣe é."

"Kò lè sùn, Ọ̀gá. Aboyún kan wà ní Ìtagúnmodì tí oyún rẹ̀ ti pé. Òkú ọmọ ló bí níjọ́sí. Mo ti ṣèlérí fún un pé ìṣojú mi ni yóò ti bí èyí."

Ọ̀gá mi mọ ìgbà tí kò yẹ kí ènìyàn jiyàn. Ó yíjú sí mi. "Bá Mama lọ, mú àwọn sípánà rẹ dání. Ẹ rọra wà á. Bó bá ti tutù láàárọ̀ ọ̀la, kí o wọ̀n ọ́n kí o sì ṣe é níbẹ̀."

Àmọ́ irin ìwọ̀n, ìyẹn àwọn irin pẹlẹbẹ tí a fi ń wọn àlàfo tápẹ́ẹ̀tì, ẹyọ kan ṣoṣo ló wà ní ṣọ́ọ̀bù. Ẹ́ńjìnnì lọ́rì kan sì wà ní títú níwájú ọ̀gá mi, tí kò lè parí láìsí i. Ó ní kí n yá ti àwọn ẹgbẹ́ wa lò bí a bá dé Iléṣà.

Nígbà tí a dé Iléṣà, àṣé ọjọ́ Ògún àwọn mẹkáníìkì ibẹ̀ ni. Ẹ ò mọ irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ mọ́. Wọ́n ti fọ gbogbo sípánà àti òòlù, wọ́n tò wọ́n sórí màrìwò, wọ́n bu epo sí wọn lórí, kò sì sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan irin títí ilẹ̀ ọjọ́ kejì fi máa mọ́. Ní ṣọ́ọ̀bù tiwa náà, bẹ́ẹ̀ la máa ń ṣe bó bá kan ọjọ́ tiwa. Ọ̀gá mi kì í fi ìrun ṣeré, ṣùgbọ́n ilé Ògún ni wọ́n ti bí ìyá rẹ̀. Ní ọjọ́ náà, àwọn ẹbí ìyá rẹ̀ á wá ṣe tiwọn, òun á jókòó lápá kan pẹ̀lú tẹ̀sùbáà rẹ̀, á máa jẹ èsun iṣu, kò sì sẹ́ni tó ń bi ẹnì kan pé kí ló dé. Mo sọ ohun tí mo wá yá fún àgbàlagbà kan tó jókòó ti àwọn irin náà. Ó mi orí.

"Ọmọ mi, irin ń sinmi lónìí," ó ní. "Bí mo bá fún ọ, kì í ṣe ìwọ nìkan ló máa jìyà rẹ̀. Gba iṣu yìí, kí o fún Mama náà. Ọ̀nà yín á dára."

Mi ò bá a jà. Èèwọ̀ ẹni la fi ń mọ ẹni. Mo gba iṣu náà, a sì ń lọ.

Ọ̀sán ni a dé Ìtagúnmodì. Ẹ mọ ìlú náà, ìlú tí wọ́n ti ń wa góòlù. Ilẹ̀ rẹ̀ pupa, kòtò ń bẹ káàkiri, ẹ ó sì rí àwọn ènìyàn tí wọ́n tẹ̀ba nínú omi, tí wọ́n ń fi ọpọ́n jọ yanrìn. Ọkọ aboyún náà, Gbóyèga, wà lára wọn. Ẹnu ọ̀nà ló ti pàdé wa, amọ̀ pupa ṣì wà lára rẹ̀ dé orúnkún. Ìyàwó rẹ̀, Dúpẹ́, ti ń rọbí láti àfẹ̀mọ́júmọ́. Mama wọlé, ó pẹ́ díẹ̀, ó jáde, ó ń fọwọ́.

"Ọmọ dábùú," ó ní. "Mo ti gbìyànjú láti darí rẹ̀, ó kọ̀. Ọwọ́ dókítà ni ó kàn. Iléṣà la ó gbé e lọ báyìí."

Kò sí mọ́tò mìíràn lágbègbè náà lọ́jọ́ náà, nítorí kì í ṣe ọjọ́ ọjà. A gbé Dúpẹ́ sẹ́yìn ìjàpá, Mama jókòó tì í, Gbóyèga wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, mo di sítíárìn mú. Mo rọra ń lọ, mo ń bẹ mọ́tò náà nínú ọkàn mi. A gun òkè àkọ́kọ́ bí ẹni ń wọ́. Ní ìdajì òkè kejì, láàárín oko kòkó, ó gbọ̀n, ó tún gbọ̀n, ó kú. Mo ṣáná sí i, kò dáhùn.

Mo sọ̀kalẹ̀, mo ṣí ìdí rẹ̀. Ooru tó kọ lù mí dà bí ti ààrò. Mo fi sípánà yí ẹ́ńjìnnì náà lọ́wọ́, láti mọ ibi tí agbára ti ń jò. Bí mo ti ń yí i, ó ń ta kò mí, ó ń ta kò mí, bó ti yẹ. Nígbà tó kan sìlíńdà kẹta, ó kàn rọ̀ mọ́ mi lọ́wọ́ bí ilẹ̀kùn tí kò ní kọ́kọ́rọ́. Apá òsì náà ni, bí Mama ti wí. Fáàfù tí èéfín ń gbà jáde kò tì pa mọ́.

Mo mọ ohun tó ń ṣe é, mo sì mọ ohun tí n óò ṣe. Ṣùgbọ́n ìwọ̀n tí a mọ̀, ìwọ̀n ẹ́ńjìnnì tútù ni. Bí irin bá gbóná, ó ti yí padà. Ohunkóhun tí a bá wọ̀n lára rẹ̀ nígbà náà, irọ́ ló máa pa fún wa. Mo sọ fún wọn pé a ní láti dúró kó tutù.

"Dúró kẹ̀?" Gbóyèga ní. Ó mú ọrùn ẹ̀wù mi. "Ìyàwó mi ń kú lọ, ìwọ ní ká dúró. Odò wà nísàlẹ̀ níbẹ̀. Jẹ́ kí n lọ pọnmi ká dà á sí i."

"Omi á fọ́ irin náà, ẹ̀gbọ́n. Bó bá fọ́, a ò ní kúrò níbí mọ́."

Kò fi mí sílẹ̀. Mo gbọ́ èémí rẹ̀ lójú mi. Nígbà náà ni Mama sọ̀rọ̀ láti abẹ́ igi kòkó tí a tẹ́ Dúpẹ́ sí. Kò gbé ohùn sókè.

"Gbóyèga, fi í sílẹ̀. Ohun tó ń ṣe yé e. Lọ ṣá ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀, kí o wá fẹ́ ẹ́ńjìnnì náà bí ìgbà tí o bá ń fẹ́ ẹni tí ibà mú."

Ọkùnrin náà lọ. Ó ṣá ewé, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ ẹ. Àwọn obìnrin kan tí wọ́n ń ti ibi ìwagóòlù bọ̀ dúró, wọ́n bi wá ohun tó ṣẹlẹ̀, wọ́n sì sọ ọpọ́n kalẹ̀. Àwọn náà ká ewé. Ẹ wò ó, ẹ̀yin ọmọ mi, mo ti tú ẹ́ńjìnnì tí mi ò lè kà, ọjọ́ náà nìkan ni mo rí i tí àwọn ènìyàn tò yí ọ̀kan ká, tí wọ́n ń fẹ́ ẹ. Dúpẹ́ ń ké lábẹ́ igi. Mama ń sọ fún un pé, "Máa ké e, ọmọ mi. Ẹni tó ń ké kì í bà mí lẹ́rù."

Mo ń fi àtẹ́lẹwọ́ kan irin náà lóòrèkóòrè. Mo gbé e lé e, mo gbé e kúrò. Mo tún gbé e lé e. Lẹ́yìn náà ni mo ṣàkíyèsí pé mi ò gbọ́ igbe mọ́.

"Ó ti ń dákẹ́ o," Mama ní. Ohùn rẹ̀ kò yí padà, ṣùgbọ́n mo rí ojú rẹ̀. "Búọ̀dá, ó kù bí i báwo?"

Mo tún gbé ọwọ́ lé e. Lọ́tẹ̀ yìí, ọwọ́ mi dúró síbẹ̀.

"Ó ti tó, Mama. Ṣé ẹ ní abẹ lọ́wọ́?"

Ó kọ́kọ́ wò mí. Ó wá ki ọwọ́ bọ báàgì, ó mú àwọn abẹ pẹlẹbẹ tó fi ń gé ìwọ́ ọmọ jáde. Tuntun ni wọ́n, ìwé ṣì wà lára wọn. Ó fún mi ní ọ̀kan, ó dá èyí tó kù padà. Mo wọ abẹ́ mọ́tò, mo fẹ̀yìn lélẹ̀ nínú erùpẹ̀, mo ṣí ìdérí tápẹ́ẹ̀tì apá òsì. Ọ́ìlì tó ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́ kán sí mi láyà. Mo fọwọ́ mi tápẹ́ẹ̀tì náà: kò mì rárá, ó le pinpin. Mo tú nọ́ọ̀tì rẹ̀, mo dẹ̀ ẹ́ díẹ̀. Mo ti fi irin ìwọ̀n ṣiṣẹ́ fún ìgbà pípẹ́ débi pé ìka mi mọ bí àlàfo náà ti yẹ kó rí. Abẹ nìkan fẹ́lẹ́ jù díẹ̀. Mo wá fi ìwé tí wọ́n fi dì í lé e, méjèèjì pa pọ̀ sì bá ohun tí ìka mi mọ̀ mu. Mo tì í bọ àlàfo náà, mo ń yí ìdè rẹ̀ jẹ́jẹ́, títí abẹ náà fi ń wọ́ díẹ̀ bí mo bá fà á, tí kò há, tí kò sì yọ̀. Mo ṣe èyí tó kù lápá náà bákan náà, nítorí gbogbo wọn ni ẹni tó pa ariwo mọ́tò náà ti fún mọ́lẹ̀. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bà jẹ́.

Mo jáde, mo ṣáná sí i. Ó wúkọ́, ó mú. Tákí-tákí-tákí, ṣùgbọ́n jẹ́jẹ́ ni.

"Ohùn rẹ̀ nìyẹn," Mama ní. "Ẹ gbé Dúpẹ́ wọ mọ́tò."

Kò tíì ní gbogbo agbára rẹ̀, nítorí iná ti jẹ etí fáàfù náà. Ní òkè tó le jù, Gbóyèga bọ́ sílẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni sọ fún un, ó fi èjìká ti ìdí mọ́tò. Nígbà tí mọ́tò gùn ún tán, mi ò dúró, Mama ní kí n máa lọ. Mo rí i nínú dígí, ó ń sáré tẹ̀ lé wa nínú eruku pupa, ẹsẹ̀ lásán, títí mi ò fi rí i mọ́.

A dé ọsibítù. Wọ́n gbé Dúpẹ́ wọlé, Mama bá wọn wọlé. Mo jókòó síta lórí ìgànná, ọ́ìlì gbẹ mọ́ mi láyà. Gbóyèga dé lẹ́yìn mi, ó jókòó tì mí. A wà bẹ́ẹ̀ títí oòrùn fi ń rẹlẹ̀. Nígbà tí Mama jáde, ó ti bọ́ gèlè, irun rẹ̀ rí jákujàku, mo sì rí i pé ó ti rẹ̀ ẹ́.

"Obìnrin ni," ó ní. "Wọ́n la inú ìyá rẹ̀ ni, ṣùgbọ́n tìyá-tọmọ ló wà láàyè. Gbóyèga, lọ fọ ẹsẹ̀ rẹ kí o tó wọlé."

Ọkùnrin náà dìde, ó tún jókòó, ó bo ojú.

Lẹ́yìn ìsọmọlórúkọ, Mama gbé ìjàpá náà wá fún wa ní Òkè-Baálẹ̀, kí a tú tọ́ọ̀pù rẹ̀, ìyẹn orí ẹ́ńjìnnì. Fáàfù tí a yọ jáde, etí rẹ̀ ti họ bí ẹ̀bá igbá tí eku jẹ. Ọ̀gá mi gbé e yí wò, ó ní òun kò mọ bí ó ṣe gbé ènìyàn dé Iléṣà. A wá tuntun sí i. Ọjọ́ tí a fẹ́ lọ̀ ọ́ ni Gbóyèga yọ sí wa. Ó ru ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà kan wá, ó sọ ọ́ kalẹ̀ níwájú ọ̀gá mi. Ó kí mi, ó tún kí mi, ó di ọwọ́ mi mú. Mo ní kó jókòó.

Ọwọ́ la fi ń lọ fáàfù nígbà náà. A ó fi pésìtì oníyanrìn pa á létí, a ó fi igi onírọ́bà mú un lórí, a ó wá máa fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì yí igi náà síwá sẹ́yìn, kí fáàfù àti ibùjókòó rẹ̀, ibi tó máa ń tì mọ́, lè bára wọn mu. Ṣìì, ṣàà. Ṣìì, ṣàà. Iṣẹ́ sùúrù ni. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ohùn rẹ̀ le bí òkúta tó ń yún irin. Bó bá ti ń jinná, á máa rọ̀. Gbóyèga ń wò mí. Nígbà tó pẹ́, ó ní, "Ṣé èyí ni èyí tí kò tì pa lọ́jọ́ náà?"

"Ibùjókòó rẹ̀ nìyí. Fáàfù tuntun la fi sí i."

"Ẹ jẹ́ kí n lọ̀ ọ́ díẹ̀."

Mo wo ọ̀gá mi. Ọ̀gá mi ní kí n fún un. Mo fi bí wọ́n ti ń ṣe é hàn án, ó gbà á, ó sì bẹ̀rẹ̀. Ọwọ́ tó mọ yanrìn góòlù jọ̀ ni, kò tẹ̀ ẹ́ jù, kò sì kánjú. Mo rò pé yóò sú u. Kò sú u. Ohùn náà rọ̀, ó túbọ̀ rọ̀, ó wá dà bí aṣọ tó ń fara kan aṣọ. Ọ̀gá mi ní ó tó.

Bí a bá lọ fáàfù tán, a máa ń da kẹrosíìnì sí ẹ̀yìn rẹ̀ láti mọ̀ bóyá ó tì pa. Bí ó bá kù díẹ̀ káàtó, kẹrosíìnì á gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ yọ. A nù ún mọ́, a dà á sí i, a sì dúró. Gbóyèga bẹ̀rẹ̀, ó gbé ojú sábẹ́ irin náà, ó ń wò. Nígbà tó ṣe, ó fi ìka rẹ̀ kan ibẹ̀, ó fi hàn wá. Ó gbẹ.

"Kò jò," ó ní.

Ó nu ọwọ́ rẹ̀ nù, ó dágbére fún wa. Ọ̀gá mi ní kó dúró jẹun. Ó ní òun á jẹ ẹ́ nígbà mìíràn, òun fẹ́ tètè bá mọ́tò ní Ọjà Ọba, pé ọmọ náà kì í sùn tí òun kò bá tíì délé gbé e.